Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ará Sípéènì Tó Ní Kí N Wo Òun Lójú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé Adelphi níbí, ní Maryland, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ara mi kì í balẹ̀ rárá. Ṣé ẹ rí i bí mo ṣe ń rìn síwá sẹ́yìn nínú pálọ̀ yìí? Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ìyá mi a ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fi ata sí ọ nídìí?" Ìyá yín àgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n jókòó ni, ṣùgbọ́n ẹ fi mí sílẹ̀, n kò lè jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Nísàlẹ̀ ilé wa, bàbá kan ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ará Sípéènì ni. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó", kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà dàrú mọ́ ti bàbá mi. Kì í ṣe ti àrífín. Orí rẹ̀ ti funfun, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kì í ká dáadáa, ṣùgbọ́n atamátàsé ni nígbà èwe rẹ̀, kì í sì í ṣe atamátàsé ẹsẹ̀ títì o! Ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Fọ́tò kan wà lára ògiri wọn níbi tó ti fò sókè fi orí kan bọ́ọ̀lù, tí gbogbo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tí orúnkún dá a dúró, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gba ife ẹ̀yẹ méjì fún ẹgbẹ́ ńlá kan kí wọ́n tó lé e. Ló bá wá bá ọmọ rẹ̀ ní Maryland. Kò rí nǹkan kan ṣe, títí ọjọ́ tó rí àwa ọmọ àdúgbò tí à ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko ẹ̀yìn ilé.

Kò pẹ́ tó fi sọ wá di ẹgbẹ́. Mo mọ bọ́ọ̀lù gbá, irọ́ ò sí níbẹ̀. Tí a bá ń dánra wò, èmi ni mo máa ń gbá gòólù jù. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìdíje, orí bẹ́ǹṣì ló ń fi mí sí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èmi tí n kì í lè jókòó jẹun, orí bẹ́ǹṣì! Mo máa ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀ títí koríko á fi tán.

N kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ó máa ń fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè, á ní, "Wò mí lójú!" Èmi á tún wo bàtà rẹ̀. Ta ni yóò wo àgbàlagbà lójú tí wọ́n bá ń bá a wí? Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n nílé tiwa, ojú àgbà kọ́ lọmọdé ń wò. Bí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò, etí mi á sì là sílẹ̀ gbayawu.

Ọmọbìnrin El Salvador kan tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, tó gbọ́ èdè rẹ̀, ló tú àṣírí fún mi. Ó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, pé ẹni tó bá ń wolẹ̀ kò lè gbá gòólù. Ó ní ohun tó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ní Sípéènì nìyẹn. Níbi àṣekágbá ife ẹ̀yẹ kẹta, ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ gbá pẹnárítì. Ọmọ náà wolẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó gbá a síta. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ.

Áà! Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ń jókòó látọjọ́ yìí? Mo lọ dúró níwájú dígí bálùwẹ̀ wa, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ènìyàn lójú láìṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹta, mo wo akọ́nimọ̀ọ́gbá lójú kòrókòró. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi mí sí iwájú nínú ìdíje wa pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú Bowie, mo sì gbá gòólù méjì wọlé. Wọ́n gbé mi sókè. A ti dé àṣekágbá nìyẹn, ní Riverdale Park, lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Pẹ̀lú ayọ̀ yẹn ni mo fi sáré wọlé, mo fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gun orí ẹní tí bàbá mi fi ń kírun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Ojú tí mo ti ń kọ́ látọjọ́ yìí, òun ni mo gbé sókè, mo sì ń wo bàbá mi bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn. Ìyá mi pariwo, "Yéè! Gbé ojú ẹ sílẹ̀!" Ó ti pẹ́ jù. Bàbá mi ní, "Èmi lò ń wò lójú? Ṣé ohun tí bọ́ọ̀lù kọ́ ọ nìyí? O ò gbá a mọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò sùn, n kò jẹun dáadáa. Mo ń gun àtẹ̀gùn lọ, mo ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé kò ju pápá Riverdale Park lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni a gbọ́ ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn, ó ń rọra wọ́ bọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, òun pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. Bàbá mi fún un ní àga. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń ta kókó bẹ̀bẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lójú bàbá mi. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni ojú bàbá mi ń le sí i. Ìyá mi bá sọ láti ilé ìdáná pé, "Sọ fún bàbá yẹn, nílé tiwa, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í wo ènìyàn lójú báyẹn. Ọmọ tí wọ́n sì ń bá wí, ilẹ̀ ló ń wò."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Nígbà tí o ń wo ilẹ̀," ó ní, "ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, sà."

Ó wá ní ọmọ tó gbá pẹnárítì yẹn síta, Senegal ni wọ́n bí i sí. Ó ní òun sọ fún àwọn oníròyìn pé ojo ni, ẹgbẹ́ ńlá kankan kò sì gbà á mọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ọkùnrin tí odindi pápá ìṣeré ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà kan, ó tẹrí ba, ó wolẹ̀ níwájú bàbá mi, kò gbójú sókè, títí bàbá mi fúnra wọn fi ní, "Ó tó. Yóò gbá a."

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi tẹ̀ lé wa lọ sí pápá. Ọ̀mì ni a wà, ó kù díẹ̀ kó parí, ni réfìrí fún wa ní pẹnárítì. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún mi. Mo rí bàbá mi létí pápá, ni mo bá wolẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń pariwo. Akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Mo gbá a. Aṣọ́lé mú un. Wọ́n sì gbá gòólù kan wọlé wa lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ń sunkún lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá, orí mi wà nílẹ̀. Kò gbé àgbọ̀n mi sókè. Ó fi ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ìdíje tó ń bọ̀, iwájú náà ni wàá wà."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ ń wò wá lójú, ẹ ń bi wá ní ìdí. Ní àkọ́kọ́, ó máa ń bí mi nínú, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, kí àbúrò yín tó wọ pápá, ó di ọwọ́ mi mú, ó wò mí lójú, ó ní, "Grandpa, ẹ̀rù ń bà mí." Mo sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un. Lọ́jọ́ pẹnárítì yẹn, kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni mo fi wolẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe rò ní àkọ́kọ́. Àwa ọmọ ìgbà yẹn kì í sọ irú rẹ̀ fún bàbá wa. Bàbá mi yin ọ̀wọ̀ mi lójú àwọn ènìyàn títí wọ́n fi kú, n kò sì sọ fún wọn rí.