Ọdún Mọ́kànlá Tí Ẹ̀gbọ́n Yọ Kúrò

Nígbà tí Ìyá Fáìlì fẹ́ wọ iṣẹ́ títọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní àwọn kò fẹ́ ẹni tó bá ti ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, ló bá lọ búra pé ọmọ ọdún méjìlélógún lòun. Ìbúra ọ̀hún kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́ o; kí kálukú kọ́kọ́ lọ wo ìwé tirẹ̀ ná. Láti ọjọ́ náà ló ti ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé àti ti ọ́fíìsì. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ sì ti kú tán, àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù tó mọ méjèèjì.

Àbúrò yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni, ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń dúró lọṣọ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí ooru áyọ́ọ̀nù kì í jẹ́ kí ògiri rẹ̀ gbẹ. Ó lè wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan kó sọ fún ọ pé ẹni tó lò ó lánàá kò sùn rárá, ṣe ló ń yí kiri. Ìdúró yẹn ló ba orúnkún rẹ̀ ọ̀tún jẹ́, tó fi ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Láti kékeré, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pe dúdú ní funfun lójú àlejò, òun náà á pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni wọ́n á tó yanjú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn.

Wàhálà dé nígbà tí ọ́fíìsì Ìyá Fáìlì gba ọ̀gá tuntun. Ọ̀gá náà ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá fojú hàn pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kí àwọn wò ó bóyá ojú àti ìwé bára mu. Ẹni méjì ti bá a lọ, owó ìfẹ̀yìntì wọn sì wọgbó. Ìyá Fáìlì dúró níwájú dígí. Ìwé ní méjìléláàádọ́ta, ojú ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó ní ìwé kò ṣeé yí padà mọ́, ojú ló máa yí.

Ó ṣe wẹ́kú pé alágbàfọ̀ ti ń tọ́jú owó láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún lókè òkun, ní ilé ìwòsàn kan tí iye tí wọ́n ń gbà kò tó ìdajì ti ilé. Ilé ìwòsàn kan náà ló ń na awọ ojú fún àwọn tí kò fẹ́ darúgbó.

“Ká jọ lọ,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ìwọ á gba ẹsẹ̀ tuntun, èmi á gba ojú tuntun, tí a bá dé, kí wọ́n máa bi wá pé ọmọ ta ni wá.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀gbọ́n dúró lágbedeméjì, ó fọwọ́ di àyà mú. Ó ní báàgì ló wúwo. Alágbàfọ̀ ló gbé báàgì.

Yàrá kan náà ni wọ́n fún wọn, bẹ́ẹ̀dì méjì, kọ́tìnnì kan láàárín. Ọmọbìnrin kan tó gbọ́ èdè wọn ló ń ṣe ògbufọ̀. Ó ka ìwé ìrìnnà méjèèjì, ọjọ́ orí ti ọ́fíìsì ló sì wà nínú ti Ìyá Fáìlì, ó wá kọjú sí alágbàfọ̀.

“Mà, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ṣé ká kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ tiyín?”

Ìyá Fáìlì ń wo àjà. Nígbà tí ọmọ náà jáde, ó ní, “Má jẹ́ kó gùn ẹ́ o. Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà.”

“Mo ti gbọ́, àbúrò mi,” ni alágbàfọ̀ dáhùn. Ẹ̀gbọ́n ju ìrọ̀rí lù ú.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà mú bébà tí wọ́n fi wo lílù ọkàn Ìyá Fáìlì wọlé. Ògbufọ̀ ní, “Dókítà sọ pé ó ku díẹ̀ káàtó níbi tí ọkàn yín ti ń lù, àmọ́ fún ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta tí nǹkan kan ò ṣe rí, àwọn lè ṣe é. Tó bá jẹ́ ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ni, àwọn ò ní fún un ní abẹ́rẹ́ oorun láì kọ́kọ́ wo iṣan ọkàn ẹ̀. Ṣé òyì ò kọ́ yín rí? Ṣé àyà kì í dùn yín?”

“Rárá o. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.”

Dókítà kọ ọ́. Ó ní aago méje àárọ̀ ọ̀la.

Alágbàfọ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú, òyì ti kọ́ ẹ̀gbọ́n títí ó fi ṣubú lórí àkàbà nínú yàrá fáìlì, òun nìkan ló sì sọ fún. Ẹ̀gbọ́n fojú bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ó sì mọ ohun tí ojú náà ń wí. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, á dákẹ́ títí wọ́n á fi délé. Ó wá rò ó pé, bí àwọn méjèèjì ò bá wá jọ délé ńkọ́? Ẹ̀rù bà á.

Dókítà ti di ìlẹ̀kùn mú.

“Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni,” ni alágbàfọ̀ wí. “Ẹ bá mi sọ fún wọn. Èmi làbúrò. Wọ́n sì ti ṣubú lọ́fíìsì.”

“Ta ló bi ẹ́?” ni ẹ̀gbọ́n béèrè, wẹ́lẹ́.

Wọ́n yẹ ọkàn wò. Iṣan méjì ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Dókítà ní ká ní àwọn fún un ní abẹ́rẹ́ oorun bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má jí. Owó ojú ni wọ́n fi la iṣan. Ìyá Fáìlì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ṣe orúnkún àbúrò.

Ojú tí Ìyá Fáìlì gbé lọ náà ló gbé bọ̀ wálé. Nígbà tó kàn án láti fojú hàn ní ọ́fíìsì, kò pẹ́ níwájú wọn tó fi jáde. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì bá ti àwọn méjì ìṣáájú lọ. Alágbàfọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀.

“Iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn mí,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “O já mi nírọ́ lójú àlejò.”

Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn, ó sì ti lé lóṣù márùn-ún. Ó dun alágbàfọ̀ wọra. Ẹni tó tọ́ ọ dàgbà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, òun náà kò sì lè sọ pé òun kábàámọ̀, torí kò kábàámọ̀.

Láràárọ̀, kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí áyọ́ọ̀nù, á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n á gbé e.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?”

Kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n kì í pa fóònù. Alágbàfọ̀ á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fi fóònù mọ́ etí dáadáa, á máa gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń mí, títí wọ́n á fi pè é nísàlẹ̀ pé aṣọ ti tò jọ.