Bí Doina Ṣe Bọ́ Jẹ́sì Mẹ́sàn-án Lọ́rùn Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí pápá ní Thamesmead. Bí ẹ bá rí mi lórí bọ́ọ̀sì tí mò ń dá rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orí mi ò dàrú o. Ayọ̀ ló ń dà mí láàmú!

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé ìjọ wa ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin. Mummy, ìyàwó pásítọ̀ wa, ló dá a sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ní kí wọ́n máa sáré, wọ́n ní àwọn ò lè máa dá sáré kiri bí ẹni tí ajá ń lé, ni wọ́n bá kó gbogbo wa mọ́ra. Àwa carer àti nọ́ọ̀sì tí eegun ti ń dùn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí London náà wà níbẹ̀. Èmi ni striker. Jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́sàn-án, èmi ni mo ni ín. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé góòlù mélòó ni mo ti gbá wọlé.

Ká má parọ́, kò sí ìjọ tí kò tíì nà wá láti Woolwich dé Abbey Wood.

Doina ló wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọmọ Romania ni, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan a sì máa tiro bí òtútù bá mú. Lọ́jọ́ kan, ọsàn bọ́ láti inú àwo bàbá kan tí à ń fún lóúnjẹ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, Doina ti fi ẹsẹ̀ gbà á. Ó ta á sókè, ó fi orúnkún gbè é, ó tún ta á, ọsàn náà sì padà sínú àwo. Bàbá pàtẹ́wọ́. Èmi ò rántí pàtẹ́wọ́, ẹnu mi ló ṣí sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Striker ni! Nílùú kékeré tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹgbẹ́ obìnrin kankan, àárín àwọn ọmọkùnrin ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó wọ ẹgbẹ́ obìnrin nílùú ńlá, ó ń gbá góòlù wọlé bí ẹni ń gbálẹ̀. Wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn nígbà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó bá wá sí London, ó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, kó tó bọ́ sí iṣẹ́ care. Ó ti kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó ti gba ìwé ẹ̀rí, àmọ́ ta ló fẹ́ gbé ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́?

Mo ní kó wá máa kọ́ ẹgbẹ́ wa. Mummy sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn ní bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tó ti ń lá lálàá láti ọjọ́ tí orúnkún ti dá a jókòó. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní àwọn á rán obìnrin kan wá wo ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a máa gbá kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn ìjọ. Ẹgbẹ́ wo? Ẹgbẹ́ wa yìí! Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Doina dúró, ó wò wá dáadáa, ó sì rí ohun tó ń pa wá. Gbogbo bọ́ọ̀lù, èmi tàbí Mummy ni àwọn ọmọ ń gbá a fún. Bí èèyàn mẹ́ta bá tilẹ̀ dí mi mọ́lẹ̀, èmi náà ni. Ẹ sì wò ó o, àwọn ọmọ London yìí kì í lo "ẹ" fún mi. "Auntie, ṣé o ti jẹun?" ni wọ́n ń wí. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀kọ́ ilé á gbéra sọ. Ta ló máa gbá bọ́ọ̀lù kọjá níwájú Auntie láì fún Auntie? Ta ló máa pariwo mọ́ ìyàwó pásítọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn?

Doina kọ́kọ́ ní kò sí Auntie, kò sí Mummy mọ́ lórí pápá. Orúkọ nìkan. Lọ́jọ́ tí à ń gbìyànjú ẹ̀, Tólá tó yára jù nínú wa, ọmọ yunifásítì tó ń ta bàtà ní Powis Street lópin ọ̀sẹ̀, ló pè mí: "Yẹ́misí!"

Mo dúró. Ẹ̀yin ará, mo dúró sójú kan, mo yíjú padà kí n wo ẹni tó láyà bẹ́ẹ̀! Mummy náà dúró, àwọn náà ń wo Tólá. Bọ́ọ̀lù gba àárín wa kọjá wẹ́rẹ́, ó wọlé. Tólá fọwọ́ bojú. Ó ní, "Auntie, má bínú, Coach ló ní kí n pè ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Doina ò bínú. Ní Sátidé, ó wá kí mi nílé ní Thamesmead North. Mò ń dín dòdò ní kíṣìnì, àwọn ọmọ mi wà ní pálọ̀. Láìwo ẹ̀yìn ni mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ: ìwọ, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àga, ẹ dín tẹlifíṣọ̀n kù, ta ló ṣílẹ̀kùn tí kò tì í? Doina bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ wà lórí àga nígbà tí ògiri wà láàárín èmi àti àwọn ọmọ. Mo ní ilé mi ni, etí mi ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ṣàṣìṣe, òun fẹ́ bọ́ Auntie kúrò lára mi, bẹ́ẹ̀ Auntie yẹn gan-an lòun ń wá. Ó ní láti òní lọ, ẹ̀yìn ni màá máa gbá.

Ẹ̀yìn kẹ̀! Èmi tí mo ni mẹ́sàn-án! Inú bí mi débi pé mo fa àwo dòdò sọ́dọ̀ ara mi.

Ó dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Ó ní, "Yẹ́misí, èmi náà sunkún nígbà tí mẹ́sàn-án kúrò lọ́rùn mi. Nígbà tí mò ń sáré, ojú àwọ̀n nìkan ni mò ń rí. Ìgbà tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni mo tó rí gbogbo èèyàn."

Kò bẹ̀ mí. Kò sì dárúkọ iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi ni mo rántí ẹ̀. Mo ti àwo dòdò padà síwájú rẹ̀.

Mo fọ jẹ́sì náà, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e lọ fún Tólá níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Powis Street. Ó ní òun ò lè gbà á lọ́wọ́ Auntie. Mo ní mi ò bi í léèrè. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún yín, mo rìn dé ibùdókọ̀ kí ọkàn mi tó rọlẹ̀.

Báyìí ni Doina ṣe tún wa tò: àgbà lẹ́yìn, ọmọdé níwájú. Àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ọmọdé ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Níbi ìdánrawò, ó ní kí àwa àgbà kọ̀yìn sí pápá, ká fetí sí ìró ẹsẹ̀, ká sì sọ ibi tí oníkálùkù wà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe ní kíṣìnì. Ẹ ti rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gorí igi kò lè rí i. Ta ló sọ ìyẹn fún ọmọ Romania?

Ọjọ́ pé. Obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. Àwọn tí à ń bá gbá ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Mo wo Doina, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ojú rẹ̀ ti funfun. Mo ní rárá, èyí ò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo gbóhùn sókè! Mummy náà gbóhùn sókè, wọ́n ṣáà máa ń wàásù láì lo makirofóònù. A ń darí àwọn ọmọ yẹn bí ìgbà tí àlejò fẹ́ wọlé tí ilé ò tíì mọ́. Tólá dá góòlù kan padà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, bọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Iwájú mi ṣófo gbalaja. Ẹsẹ̀ mi ń yún mi, mẹ́sàn-án ń pè mí. Àmọ́ mo rí Tólá lápá ọ̀tún, òun nìkan.

Mo ní, "Tólá, máa lọ! Má wẹ̀yìn!"

Mo gbá a sókè fún un. Ọmọ yẹn ò wá ojú Auntie kankan. Ó lọ, ó yẹ̀ fún ẹnì kan, ó sì gbá a wọlé.

Gbogbo ẹgbẹ́ ń lé e láti dì mọ́ ọn, ó sá fún wọn, ó sáré gba gbogbo pápá kọjá wá bá mi lẹ́yìn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Auntie, ṣé o rí mi?"

Mo ní, "Mo rí ẹ. Láti ibí, gbogbo yín ni mò ń rí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe borí o! Obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì wá bi Doina níbi tó ti kọ́ irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Doina nawọ́ sí mi, ó ní ní kíṣìnì obìnrin yẹn. Lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n pè é nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́: ó ti rí iṣẹ́ náà gbà! A sunkún, a dì mọ́ra wa láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ọlọ́sàn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣáà pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: bí wọ́n bá ní kó o bọ́ sẹ́yìn, má tíì fa àwo dòdò. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ojú rẹ ti máa là. Tólá bi mí bóyá mo fẹ́ gba jẹ́sì mi padà. Mo ní kó máa wọ̀ ọ́, kó ṣáà máa fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bọ́ jẹ́sì lọ́rùn yín rí, tó wá padà di oore? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo ti dín dòdò, mò ń retí yín.