Ìgbà Ìrúwé Tí Merle Wọ Ọgbà Clarrie

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Merle Tatnell fi wa bọ́ọ̀sì ní ìlú Hobart, kò sì fọwọ́ kan erùpẹ̀ rí. Clarrie, ọkọ rẹ̀, ló ni ọgbà tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Bí Merle bá fẹ́ já ewé kan ṣoṣo níbẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ tọrọ ààyè. Àmọ́ lọ́dún kan, nígbà òtútù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Clarrie lẹ́yìn, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ọdún yóò fi parí.

Bí oṣù kẹsàn-án ti wọlé, tó jẹ́ ìgbà ìrúwé lọ́dọ̀ wa, tí yìnyín orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, Clarrie gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré tó ń kó irinṣẹ́ sí, ó ní kí ìyàwó òun gbé ọkọ́. Aládùúgbò wọn ni mí, odi pákó lásán ló pààlà èmi àtàwọn, nítorí náà kò sí ohun tí mi ò gbọ́.

"Rọra o! Ilẹ̀ lo ń ro, o ò fọ́ òkúta."

"Clarrie, ta ló mú ọkọ́ lọ́wọ́?"

"Ìwọ ni."

"Ó dáa. Panu dé, kí eṣinṣin má kó sí i."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Merle fi ń jáde kó tó mu tíì àárọ̀. Ẹyẹ dúdú kan, ẹlẹ́nu yẹ́lò, a máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, a máa ṣa ekòló tí ọkọ́ bá hú jáde. Lọ́jọ́ kan Merle bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ilẹ̀ tútù, ó pariwo pé, "Clarrie! Báyìí lo ṣe ń jayé látọjọ́ yìí, o ò sì sọ fún mi!"

Lẹ́yìn náà ni òdòdó igi yẹ́lò tó wà lójú títì tanná, ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ bá dí Merle nímú. Kò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, sísín ló ń sín ṣáá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Clarrie ṣì ń sùn, Merle rí koríko tín-ín-rín tó hù lẹ́bàá ọgbà, ó fà á tu látòkè délẹ̀, ó dà á sórí ààtàn, níbi tí àwọn adìyẹ ti ń tú u ká.

Clarrie jáde. "Merle, àlùbọ́sà mi dà?"

"Àlùbọ́sà wo?"

"Ọgọ́ta tí mo gbìn síbí kí wọ́n tó la ẹ̀yìn mi!"

"Koríko ni mo pè é."

"Koríko wo ló ń tò lọ gbọọrọ bí ọmọ iléèwé?"

"Imú mi dí!"

"Ṣé ojú náà dí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Merle. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó wọlé lọ. Odidi ọjọ́ méjì ni kò fi fẹsẹ̀ kan ọgbà.

Lọ́jọ́ kẹta mo gbọ́ tí Clarrie ń kérora. Mo yọjú lókè pákó. Ó wà lórí eékún láàárín ẹ̀wà tútù tó ń fà lórí ọ̀pá, ó mú ìdì àlùbọ́sà kéékèèké tuntun dání. Merle ti sáré jáde.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Mo fẹ́ gbìn ín kó o tó jáde ni, kó o lè mọ̀ pé inú ò bí mi mọ́."

"Ó ti tó, dìde."

"Mi ò lè dìde."

Ẹ̀rín pa Merle. Ó jókòó pẹ̀ẹ́ sínú erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó já ẹ̀wà, ó bó o, ó fi sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Mo pè é pé, "Mà, ẹ jẹ́ n wá ràn yín lọ́wọ́!"

"Máa rọra bọ̀," ó dá mi lóhùn. "Ẹ̀wà ṣì pọ̀."

Èmi àti ẹ̀ la jọ gbé Clarrie dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Merle gbin àlùbọ́sà, ìlà rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà ejò. Clarrie wò ó, ó ní kó bomi sí i.

Nígbà tára rẹ̀ yá tán, ó béèrè ọkọ́ rẹ̀. Merle ní kó lọ ra tirẹ̀. Ó sì rà á lóòótọ́. Clarrie ń ro apá ibi ọ̀dùnkún, Merle ń ro ibi tí oòrùn ti pọ̀. Bẹ́ ẹ bá kọjá láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ wọn tí wọ́n ń jà nítorí ìgbín tó ń jẹ ewé ọgbà.