Ìwé Tó Ní Màmá Wà Lórí Bẹ́ǹṣì

Òórùn ògì kíkan ló máa ń jí mi. Kí n tó lajú, mo ti mọ̀ pé Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti so aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu ìkòkò, ó ń bu omi lé àgbàdo lílọ̀, ó ń fọwọ́ rò ó. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, òórùn náà a tún wúwo sí i, a wọ inú aṣọ ilé ìwé mi tí mo fi kọ́ sára ògiri. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Ọmọ Ológì. N kì í bínú, òótọ́ ṣáà ni.

Ìgbẹ̀in là ń gbé, èmi àti Màmá nìkan. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù, ìparí oṣù ló máa ń wá wò wá. Màmá ni ìyá tó bí i. Kò lọ sílé ìwé rárá, ṣùgbọ́n bí ó bá ká irọ́ kékeré mọ́ mi lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ibi tí ẹnu bá ní òun wà, kí ẹsẹ̀ wà níbẹ̀."

Kíláàsì kẹrin ni mo wà nígbà tí olùkọ́ wa, Àǹtí Ṣadé, kọ́ wa bí a ṣe ń sọ ibi tí nǹkan wà ní èdè Òyìnbó. Kò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Ó ní kí Bọ́lá gun orí tábìlì, ó ní kí Sùnmọ́nù wọ abẹ́ rẹ̀, ó ti ọmọ kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi tí mo kéré jù, inú páálí ló fi mí sí. Ó wá ń bi wá léèrè níkọ̀ọ̀kan, a sì ń pariwo: "Bola is on the table! Sunmonu is under the table!" Bí a bá ń lọ sílé, a kì í dákẹ́. Ewúrẹ́ gun òkúta, a ó ní "on the rock". Àkùkọ sá wọ abẹ́ ọkọ̀, a ó ní "under the car". Òfin kan ṣoṣo ni Àǹtí Ṣadé fún wa: "Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ kọ."

Màmá ní ọmọbìnrin mìíràn, Àǹtí Mọ́jí, àbúrò ìyá mi, tó fẹ́ ọkùnrin Ẹdó kan sí Bìní. Màmá kọ ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹni tí kò gbọ́ èdè mi, báwo ló ṣe máa kí mi?" Wọ́n fẹ́ra wọn bẹ́ẹ̀, Màmá kò sì dé ibi ìyàwó. Nígbà tó yá, Àǹtí Mọ́jí ṣàìsàn, ó kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Òbí kì í sin ọmọ, nítorí náà Màmá kò tún lọ. Kò fojú kan ọmọ náà rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a gba ọlidé ńlá, awakọ̀ kan tó ń ná Bìní mú iṣẹ́ wá. Ọkọ Àǹtí Mọ́jí fẹ́ mú ọmọ náà wá rí Màmá kí ọlidé tó parí. Ó ní kí a júwe ilé fún òun, kí a kọ ọ́ ní èdè Òyìnbó. Fóònù ti wà lóòótọ́, kò ṣáà tíì dé ọwọ́ ẹni bíi tiwa. Awakọ̀ fẹ́ padà lójú ẹsẹ̀, ìyá mi kò sí nílé. Màmá bá pè mí.

Iwájú ilé ni awakọ̀ bá a, nítorí náà orí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi máńgòrò ni Màmá jókòó sí, níbi tí kì í sábà jókòó sí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo kọ ohun tí ojú mi rí: "Our house is behind the church. The well is beside the house. The green lorry is in front of the house. My grandmother is on the bench under the mango tree."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ìparí, ó ní, "Èmi náà wà nínú ẹ̀?"

"Ibẹ̀ kọ́ lẹ jókòó sí ni, Màmá?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ká ìwé náà, ó nà án sí awakọ̀.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ilé tó ní kànga lé ní mẹ́wàá. Lọ́rí ni àmì wa. Ó ti bàjẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, àwọn ẹyẹlé ń yé sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó rò pé ó lè kúrò. Ọjọ́ karùn-ún tí ìwé lọ, mo ti ibi tí wọ́n rán mi dé, mi ò rí lọ́rí. Olówó rẹ̀ ti wá fà á lọ. Òróró dúdú nìkan ló kù nílẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo ní ìwé mi ti di irọ́, wọn ò ní rí wa mọ́.

Màmá wo ibi tí lọ́rí wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Lọ́rí ló lọ. Èmi ò lọ. Wá bá mi gbé ìkòkò."

Láti ọjọ́ náà, iwájú ilé ni Màmá ti ń sẹ́ ògì. Òjò ń rọ̀, omi ń kán láti ara ewé sórí gèlè rẹ̀, kò wọlé. Ìyá Ràmọ́tà, aládùúgbò wa tó ń ta ọṣẹ, kò jẹ́ kó gbádùn. "Màmá Ológì, ẹ ti gba iṣẹ́ ọdẹ ni? Ìbọn yín dà?"

"Omi ògì nìbọn mi. Sún mọ́bí kí n yìn ín."

Ṣùgbọ́n bí Màmá bá fẹ́ lọ tọ̀, òun náà ló máa ń pè: "Bá mi jókòó díẹ̀, kí ìwé ọmọ yìí má baà parọ́." Ìyá Ràmọ́tà a jókòó, a máa pariwo tẹ̀ lé e: "Ẹ tètè o! Bí ọkùnrin yẹn bá dé báyìí, èmi ló máa mú ní ìyá ìyàwó, èmi ò sì ní kọ̀ ọ́ ní tèmi!" Èyí ni Màmá kò dá a lóhùn rí.

Nígbà tí ọlidé ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi wá. Ó ní kí Màmá wọlé, ta ló máa wá kí ẹni tó kọ̀ ọ́. Màmá ní, "Mo ti ní mo wà níbí."

Sátidé tó kẹ́yìn ni wọ́n dé. Ọkùnrin gíga kan, ṣòkòtò funfun nídìí, ìwé lọ́wọ́ kan, ọmọdébìnrin lọ́wọ́ kejì. Ó wo kànga wa. Ó wo iwájú ilé bí ẹni ń wá ohun tó sọnù, ó tún wo ìwé. Ó ti ń yí padà lọ nígbà tí ọmọ náà nàka sábẹ́ igi, ó ní, "Daddy, on the bench."

Màmá kò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ògì. Ọkùnrin náà rìn dé iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣòkòtò funfun sínú omi ògì tó ṣàn sílẹ̀. N kò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Mo gbà pé Àǹtí Mọ́jí ni. Màmá yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó gbé e lé e léjìká bó ṣe funfun yẹn.

"Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù."

Màmá ti lọ báyìí. Mo parí ilé ìwé girama, mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Kẹ́mta àti ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ rẹ̀ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi pé ilé ìwé ti jáde, níbo ni mo wà. Mo dá a lóhùn pé "I am on the way", ẹsẹ̀ mi sì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Gbogbo wa là ń ṣe é. Mo ní aṣọ oníbàárà kan tí mo fẹ́ parí. Nígbà tí mo débẹ̀, ọgbà ilé ìwé ti dá páropáro, ọmọ mi àti mẹ́gàádì ló kù, ó di irin géètì mú.

Ó ní, "Mọ́mì, Àǹtí ní ẹ wà lójú ọ̀nà. Mò ń wo ojú ọ̀nà, mi ò rí yín."

Mo gba báàgì rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, gbólóhùn mẹ́rin péré ni mo mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, ìyá àgbàlagbà kan sì fi gbogbo ọlidé jókòó sínú òjò nítorí ọ̀kan nínú wọn. Òyìnbó tí mo gbọ́ nísinsìnyí ju ìgbà yẹn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí aago ilé ìwé tó lù. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú géètì, ti mẹ́gàádì ni. Mo tọrọ àyè, mo jókòó dáadáa, kí n tó fa fóònù yọ láti tẹ ibi tí mo wà ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀.