Òdòdó Pupa Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lára Pátákó

Ẹ yá mi létí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Tamale, ní àríwá Gánà, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Mi ò ní bò ó mọ́.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Ìgbìmọ̀ àdúgbò wa ní Tishigu fẹ́ fi òdòdó pupa tí wọ́n fi aṣọ ṣe, tí wọ́n ń pè ní pọ́pì, bo pátákó ńlá kan, láti bọlá fún àwọn sójà tó kú sójú ogun. Òdòdó kan fún òkú kan, orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ.

Ìwé àtijọ́ ti àwọn sójà ni mo ń wò kọ. Ṣé ẹ mọ bí òyìnbó ṣe ń kọ orúkọ sójà láyé ìjọun? Wọn á bi ọ́ níbi tí o ti wá, wọn á sì fi ìlú rẹ ṣe orúkọ bàbá rẹ. Báyìí ni Bàwá di Bàwá Navrongo. Ẹ̀yin náà sì mọ àwa Yorùbá: ọmọ wa ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Tishigu, bí wọ́n bá bi í níbi tó ti wá, ìlú bàbá rẹ̀ ni yóò dárúkọ. Bí Làwàní ọmọ Àjàdí, aránṣọ, ṣe di Làwàní Ìlọrin nìyẹn.

Nígbà tí ayẹyẹ ku ọjọ́ mẹ́ta, alága wa, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, yọ òdòdó Làwàní. Ó ní Ìlọrin kì í ṣe ènìyàn, ìlú ni, Nàìjíríà ló sì wà. Ìgbìmọ̀ kò lè so òdòdó fún ìlú. Mo tọ́ka sí òdòdó Àlàsáàn Tamale, mo ní ìyẹn ńkọ́? Ó rò ó dáadáa. Ó ní ìyẹn wà nílé.

Ìyàwó Làwàní sì wà láàyè! Ìyá Ràáfíù là ń pè é. Oyún Ràáfíù ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì. Kò rí sàréè rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà, kò lọ. Ó ní bí Làwàní bá dé, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un? Òdòdó yìí nìkan ni ìlú fẹ́ fi jẹ́wọ́ fún un pé ó ní ọkọ.

Mo mú un lọ bá alága. Alága fún un ní àga, ó ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Ìyá Ràáfíù mú lẹ́tà tí àwọn sójà fi túfọ̀ ọkọ rẹ̀ wá. Làwàní Ìlọrin ló wà níbẹ̀. Alága ní òun ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ràáfíù dìde.

"Tíṣà, gba òdòdó ọkọ mi fún mi. Pa ìlú rẹ́ níbẹ̀, kí o kọ Làwàní ọmọ Àjàdí. Èmi náà ní ògiri."

A kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó dojú kọ àwọn ìsọ̀. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n ka orúkọ ní pápá fún àwọn ènìyàn díẹ̀ àti àga òfìfo púpọ̀. Ní Tishigu, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bèèrè iye tí ìyá ń ta aṣọ pupa náà. Ó ń fi Hausa dá wọn lóhùn pé kì í ṣe títà, ọkọ òun ni. Lẹ́yìn náà, á dárúkọ rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn tó mọ Làwàní ọmọ Àjàdí ti pọ̀ ju àwọn tó jókòó ní pápá alága lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́: ẹ rí i pé orúkọ bàbá yín wọ ìwé, kí ìwé má baà sọ yín di ìlú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni tiyín tí wọ́n yọ kúrò lára pátákó? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa níhìn-ín, kí ẹ sì dárúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú.