Ìyá Arẹ́yín Jókòó Sínú Bàtà

Ní gbogbo ìlú ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ tó Ìyá Arẹ́yín, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ẹnu rẹ̀ mu tó tirẹ̀.

Abẹ́ olú-ìlú àwọn ènìyàn ni ìlú ìsàlẹ̀ yìí wà. Eku ni àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n eku tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn ni wọ́n, tó ń wọ ṣòkòtò tí wọ́n dá ihò ìrù sí lẹ́yìn, tó sì mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Àwọn páìpù àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ti gbàgbé ni òpópónà wọn. Ojúmọ́ wọn ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú ihò ìdérí gọ́tà wọlé, òrùlé wọn sì ni títì tí ọkọ̀ ń sáré kọjá lórí rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ń pe ara wọn ní ará ìsàlẹ̀, wọ́n ń pe àwọn ènìyàn ní ará òkè, wọ́n sì ń káàánú ará òkè díẹ̀ nítorí pé wọn kò ní ìrù.

Ẹ mọ̀ pé eyín ará ìsàlẹ̀ kì í sinmi. Bí ó bá ń sùn, eyín ń gùn. Bí ó bá ń jà, eyín ń gùn. Láyé àwọn baba ńlá wọn, igi líle àti bíríkì ni wọ́n ń fi eyín họ, eyín a sì mọ níwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ayé ti di ayé búrẹ́dì rírọ̀ àti kéèkì tí àwọn ará òkè jẹ kù, kò sí ilé tí kò nílò arẹ́yín, ẹni tó ń fi ayùn gé eyín tó bá gùn jù. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ eyín ṣeré, eyín òkè á ká wọnú, á gún un ní èrìgì, kò ní lè jẹun mọ́, ebi á sì pa á kú sí àárín oúnjẹ.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Arẹ́yín wà ní ibi tí páìpù ńlá méjì ti pàdé, ó fara ti ilé aránṣọ. Bàtà pupa ọmọ ará òkè kan tó já sínú gọ́tà lọ́dún tí òjò pọ̀ ló fi ṣe àga. Oníbàárà á wọ inú bàtà, á fẹ̀yìn ti gìgísẹ̀ rẹ̀, á gbé orí sẹ́yìn, á la ẹnu. Ìyá á fi èdídí ìgò há a láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹnu má bàa pa dé, á mú ayùn tí àwọn obìnrin òkè fi ń rẹ́ èékánná, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ayùn tó kan eyín ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"Aránṣọ, mo gbọ́ pé o kì í bá ìyàwó rẹ fọ abọ́. Má dá mi lóhùn, mò ń ṣiṣẹ́."

"Aá! Aá-aá!" ni aránṣọ ń wí.

"O ṣeun. Mo mọ̀ pé wàá gbà pé o jẹ̀bi."

Kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Olórí Àdúgbò jókòó sínú bàtà, ẹni tí gbogbo ará ìsàlẹ̀ ń bẹ̀rù, Ìyá ní, "Olórí, omi ìdọ̀tí tó ń ya wọ ilé àwọn opó, ṣé ẹ ó darí rẹ̀ gba ibòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Olórí yí ojú, ó ju ẹsẹ̀, ó ju ìrù. "Ó dáa, mo gbọ́ yín," ni Ìyá wí. Kí Olórí tó nu ẹnu tán, Ìyá ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé Olórí ti ṣèlérí. Ojú tì í, ó darí omi náà lóòótọ́. Àwọn opó ṣì ń gbàdúrà fún Ìyá di òní olónìí.

Àwọn ará òkè ní eku máa ń jẹni, á tún máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má bàa dunni. Ìyá Arẹ́yín kì í fẹ́ ẹ. Jíjẹ nìkan ni tirẹ̀.

Ẹni tí Ìyá sì ń jẹ jù ni ìyàwó ọmọ rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń yára gùn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wọ inú bàtà. Bí èdídí ìgò bá ti wọlé, ó parí nìyẹn.

"Ìyàwó, ọmọ kan ṣoṣo? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún ní kò tíì tó àwọn. Ìyàwó, ọbẹ̀ àná ńkọ́? Ṣé omi ìfọṣọ ni o fi sè é ni? Ìyàwó, ọkọ rẹ ń gbẹ. Ọmọ mi ni, mo mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó kó tó rí ọ."

Ìyàwó á kàn máa wo òkè. Nígbà mìíràn, á máa wo bí ayùn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ èdídí kúrò, á nu ẹnu, á ní, "Ẹ ṣé, Ìyá," á sì bá tirẹ̀ lọ. Sùúrù rẹ̀ yìí tún ń bí Ìyá nínú. Ta ló ń dákẹ́ báyìí bí kì í bá ṣe ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ?

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkọ Ìyá, Bàbá Arẹ́yín, ló ń rẹ́ eyín Ìyá fúnra rẹ̀, nílé, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ní gbogbo ọdún tó fi ń rẹ́ eyín Ìyá, kì í sọ̀rọ̀ kankan títí iṣẹ́ á fi parí, nígbà náà á ní, "Ó ti tó." Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Ìyàwó ló ń bá a di àtùpà mú, òun ni Bàbá sì fi iṣẹ́ náà hàn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé Ìyàwó ló ń rẹ́ eyín àwọn ọmọdé tó bá wá.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá kú lójú oorun. Ó dun Ìyá dé egungun. Ó sunkún títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi rọ̀ sílẹ̀, ilé sì tóbi jù fún un. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò bá a ṣọ̀fọ̀. Ó ń gùn.

Kò pẹ́ tí àdúgbò fi ro ọ̀rọ̀ náà já. Ta ni yóò rẹ́ eyín Ìyá báyìí? Yàtọ̀ sí Ìyàwó, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Ìyàwó yóò di ayùn mú, Ìyá yóò la ẹnu sílẹ̀, èdídí ìgò yóò sì wà níbẹ̀! Inú àwọn ará àdúgbò dùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bímọ. Aránṣọ tilẹ̀ lu ihò kékeré kan sí ara ògiri tó wà láàárín òun àti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní afẹ́fẹ́ ni òun ń wá.

Ìyá náà ti rò ó já, kò sì gbà. Ká má purọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó sí Ìyàwó létí, èyí tó fi ṣeré àti èyí tí kò fi ṣeré. Kí òun wá jókòó kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà fún òun, kí òun má sì lè sọ ju "aá" lọ? Ikú yá ju ẹ̀sín.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti họ bíríkì, àmọ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti darúgbó, kò lágbára mọ́. Ó ní bíríkì ayé ìsinsìnyí kò dáa. Ó gbé bọ́tìnnì dídán kan síwájú bíi dígí, ó mú ayùn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí òsì nígbà tó rò pé ọ̀tún ló ń lọ, ó sì gé ètè ara rẹ̀. Níkẹyìn, ó lọ fi eyín họ wáyà ńlá kan tó gba àdúgbò kọjá. Iná kú lókè ní òpópónà méjì. Ariwo àwọn ará òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń ṣépè fún àwọn oníná wọn. Irùngbọ̀n Ìyá jó ní ẹ̀gbẹ́ kan, eyín kò sì dín rárá.

Nígbà tó yá, búrẹ́dì kò wọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Omi ṣúgà ló ń fà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú súfèé, àwọn oníbàárà kò sì gbọ́ èébú tó ń bú wọn dáadáa. Aránṣọ á yọ èdídí kúrò lẹ́nu ara rẹ̀, á ní, "Ẹ ní kí ni, Ìyá?" Ìwọ̀sí wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń ru búrẹ́dì wálé láti abẹ́ ilé ìṣebúrẹ́dì àwọn ará òkè, wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ẹ̀jẹ̀ létí ẹnu ìyá rẹ̀. Eyín òkè ti kan èrìgì ìsàlẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kú nítorí ọ̀rọ̀ lásán ni? Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi rẹ́ ẹ."

"Kó wá máa sọ̀rọ̀ sí mi, kí n má lè dá a lóhùn?"

Ọmọ rẹ̀ gbé ẹrù búrẹ́dì sílẹ̀. "Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀," ló wí.

Ìyá nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ pe Ìyàwó wá.

Ìròyìn ti dé ìgboro kí Ìyàwó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Olórí Àdúgbò wá, ó ní òun wá wo bí gọ́tà ṣe ń ṣàn. Àwọn mìíràn ní àwọn ń kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n wọn kò kọjá. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ará ìsàlẹ̀ tí etí rẹ̀ kéré. Ìyàwó kí gbogbo wọn, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fọ ọwọ́. Ìyá wọ inú bàtà.

Láti ọjọ́ tó ti ní bàtà náà, kò jókòó sínú rẹ̀ rí. Kò mọ̀ pé ó jìn tó bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé láti inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n arẹ́yín nìkan lèèyàn ń rí, àti pé ẹni tó dúró síbẹ̀ máa ń tóbi bí ògiri. Èdídí ìgò wọlé. Ó di ọwọ́ méjèèjì mú, ó ń retí.

Ayùn bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó kò sọ̀rọ̀.

Ìyá ti múra èsì sílẹ̀, ó kéré tán ó lè fi ojú sọ díẹ̀. Ó ti mọ ojú tí yóò fi dáhùn ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo, ó mọ ojú tí yóò fi dáhùn ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Eyín òkè parí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé èyí tó dùn jù ni ọmọ yìí ń fi pamọ́ de ìkẹyìn. Wọ́n bọ́ sórí eyín ìsàlẹ̀. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, ayùn ń lọ, ó ń bọ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ohùn kan ṣoṣo tí Ìyá ń gbọ́ ni ohùn ara rẹ̀, láti ọjọ́ yìí wá: omi ìfọṣọ, ọkọ rẹ ń gbẹ, ọmọ kan ṣoṣo. Kò dùn-ún gbọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó fi àtàǹpàkò nù ún, ó tẹ̀ síwájú.

"Ó ti tó," ni Ìyàwó wí nígbẹ̀yìn.

Létí Ìyá, ohùn Bàbá ló dà bí ẹni pé ó gbọ́. Ìyàwó yọ èdídí, ó bu omi fún un. Ìyá pa ẹnu dé, eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé bó ṣe yẹ. Ìyàwó wá fa àpótí kan, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ bi yín ó ti pẹ́. Mo ní kí ẹnu yín kọ́kọ́ pa dé, kí ẹ lè dá mi lóhùn. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Lóde, etí lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ìyá la ẹnu. Kò sí èdídí níbẹ̀, kò sí ayùn, ẹnu rẹ̀ ti padà di tirẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ gòkè dé ahọ́n, ó tún padà sísàlẹ̀. Ó wá inú ara rẹ̀ kiri bí ẹni wá abẹ́rẹ́, kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan mú jáde.

"O kò ṣẹ̀ mí," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹnu rẹ ló là sílẹ̀ níwájú mi, àyè sì gbà mí. Má bínú, ọmọ mi."

Ìyàwó wò ó, ẹ̀rín sì bú yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó rinlẹ̀ tí Ìyá kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ẹ̀rín mìíràn dáhùn láti inú ògiri. Ìyá yíjú sí ihò náà.

"Aránṣọ! Mo gbọ́ nínú ẹ̀rín yẹn pé eyín rẹ ti gùn. Lọ́la, kùtùkùtù, kí n bá ọ nínú bàtà!"

Ẹsẹ̀ ń ró gìrìgìrì lóde. Àwọn tó ní àwọn ń kọjá lọ ti wá kọjá báyìí. Olórí ló ṣíwájú.

"Ó yá, ìwọ náà wọlé síbí," ni Ìyá wí fún Ìyàwó. "Tìẹ náà ti ń gùn." Ìyàwó jókòó, èdídí wọlé, Ìyá mú ayùn. Ó pinnu pé òun kò ní sọ nǹkan kan. Ó dákẹ́ títí ọrùn rẹ̀ fi ń wú. Ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ èdídí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yín ń bà mí lẹ́rù."

Ìyá gba èdídí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jù ú sábẹ́ tábìlì. Láti ọjọ́ náà, kì í lò ó fún Ìyàwó mọ́. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí kí omi tó hó, wọ́n ń fi odidi ọ̀sán ṣe é, nítorí gbogbo ìgbà ni ayùn ń dúró kí ẹnì kan lè fèsì. Ìyá ṣì ń sọ pé omi ìfọṣọ ni ọbẹ̀ náà. Ìyàwó á ní, "Ìyá, ẹ máa bọ̀ wá sè é fúnra yín."