Kòtò Tó Wà Lórí Bàbá Mi

Ó kù díẹ̀ kí n tún rí bàbá mi lónìí.

Ọ̀kadà ló ń gbé mi bọ̀ láti Arandun. Bí a ṣe kan kòtò àárín títì, mo ní, "Rọra o, bàbá mi ló sùn síbẹ̀ yẹn."

Ọlọ́kadà tẹ bíréèkì. "Bàbá, mi ò rí ẹnì kankan."

"Abẹ́ kóólútà ni wọ́n wà. Yàrá wọn la sin wọ́n sí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ọwọ́ ìjọba, wọ́n wó ilé náà, títì gba orí rẹ̀ kọjá."

"Ẹ ò sì jà?"

"Jà kẹ̀? Ijó là ń jó pé títì dé!"

Ọlọ́kadà ṣí fìlà, ó kí kòtò: "Ẹ kú ilé o."

Ó ti rẹ̀ mí. Kòtò náà ń jìn sí i, kò sẹ́ni tó ń dí i.

Ẹ̀yin ará, bí bàbá mi bá yọjú níbẹ̀, tí wọ́n ní kí la fi owó epo ṣe, kí ni kí n wí?